Ìrì Tó Sẹ̀ Sínú Ámpù Màmá Tìmílẹ́yìn

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Màmá Tìmílẹ́yìn nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìgàndò, níbi tó ti ń rán sútánà, kò ní mọ̀ pé òun ló ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúdú, awò tó nípọn wà lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Lucy Ọláoyè lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Tí aṣọ funfun bá kún iwájú rẹ̀, tí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń kùn, ẹ ó rò pé abẹ́rẹ́ àti òwú nìkan ló mọ̀ láyé. Ó di ọjọ́ Ìsinmi kí ẹ tó mọ ẹni tí í ṣe.

Miriam lorúkọ èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí. Inú ẹgbẹ́ akọrin kan náà la wà, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo máa ń dúró sí, nítorí náà kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ tí kì í ṣe ojú mi ló ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni tiwa, Ìmọ́lẹ̀ Òwúrọ̀ là ń pè é. A kì í wọ bàtà wọ inú ilé Ọlọ́run. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bàbá tó bí Màmá Tìmílẹ́yìn, Abraham Ọdẹ́tọ́lá, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n tó bá ti délé tó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, jìtá ló kàn. Lucy ló máa ń jókòó tì í. Ó kọ́ ọmọ náà títí orí ìka rẹ̀ fi le bí igbá. Nígbà tí bàbá kú, tí àwọn ẹbí ń pín ohun tó fi sílẹ̀, àwọn kan mú àga, àwọn kan mú tẹlifíṣọ̀n. Lucy ní ámpù nìkan lòun fẹ́, ìyẹn àpótí tí wọ́n máa ń so jìtá mọ́ kí ohùn rẹ̀ lè jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àpótí ọ̀hún ti gbó, ó wúwo bí òkúta, awọ dúdú tí wọ́n fi bò ó sì ti ń ṣí létí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn tó rí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn rí. Èmi rí i. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin, iná ìjọba lọ, wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n gílóòbù igun tiwa ti jó. Bí Màmá ṣe tan ámpù ni mo rí àwọn ìgò kéékèèké kan ní ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀, bí ẹyin iná tí èèyàn ń fẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Màmá wo mí, ó ní, “Ohùn kì í jáde títí wọn ó fi pọ́n tán. A máa ń dúró dè é ni.”

Ó ti lé ní ogún ọdún tí ámpù náà ti ń bá a ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Yàrá àwọn akọrin ló máa ń gbé, níbi tí fèrèsé méjì ti kọjú síra tí atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá, lórí pákó tí Màmá fi bíríkì gbé sókè kúrò nílẹ̀. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ yàrá tuntun fún àwọn alàgbà, tí ọmọ ìjọ kan tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ amúlétutù ta wá lọ́rẹ, ni Alàgbà Charles sọ pé ó yẹ ká ṣe ìtọ́jú ohun èlò tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

“Màmá Tìmílẹ́yìn,” ni alàgbà náà wí, “ohun iyebíye kì í gbé inú ooru. Ẹ jẹ́ ká gbé e síbi tó tutù.”

Inú ìfẹ́ ló ti sọ ọ́. Ó tilẹ̀ ra ọ̀rá ńlá kan tó nípọn, ó ní kí wọ́n máa fi bò ó kí eruku má baà kàn án. Inú Màmá dùn. Láti ọjọ́ yẹn, inú òtútù ni ámpù ń sùn láti Ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta, òwúrọ̀ Ìsinmi ni wọ́n sì ń gbé e jáde.

Ní ọyẹ́, kò sí nǹkan kan. Òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yí padà.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó kàn máa ń ta pàrà-pàrà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Lẹ́yìn náà, ohùn á lọ, á tún bọ̀. Nígbà tó yá, ó ń kùn bí ẹni tí inú ń bí. Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, tí ẹsẹ̀ àwa tí a ń wọlé ti mú kí gbogbo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tutù rin. A ń kọrin ìyìn lọ́wọ́. Mo rí i tí Màmá fò sókè, tó sì fa ọwọ́ kúrò lára okùn jìtá bí ẹni tí àkekèé ta. Ojú rẹ̀ ràn. Ó rọra bọ́ jìtá kọ́rùn, ó gbé e kalẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú sútánà rẹ̀ funfun báláú.

“Màmá, kí ló dé?”

“Ó gé mi jẹ,” ló fèsì. “Miriam, ámpù bàbá mi gé mi jẹ.”

Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, àwọn kan ní ẹ̀mí bàbá tó ni ín ló ń bínú pé wọ́n gbé ohun òun kúrò ní Áńgílíkà. Ìyá àgbà kan gbé omi àdúrà, ó fẹ́ da díẹ̀ sórí ámpù tó ṣì wà lójú iná. Màmá Tìmílẹ́yìn ló fò dìde, tó fi gbogbo ara bò ó. “Ẹ dákun, Ìyá, èmi ni kẹ́ ẹ dà á sí lórí! Ẹ má dà á sí i!” Omi náà bá a dáadáa. A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà wá.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ámpù lọ sọ́dọ̀ Zikrullah, atúnrédíòṣe kan ní Ìkòtún tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Èmi ni mo bá a gbé e. Ọkùnrin náà lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, ó dá irùngbọ̀n sí, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Màmá ṣàlàyé fún un.

“Ó gé yín jẹ?” Ó gbé ojú sókè. “Ṣé ẹsẹ̀ lásán lẹ fi dúró ni?”

“A kì í wọ bàtà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.”

Kò tíì fọwọ́ kan ámpù, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú. “Ta ló yọ ẹsẹ̀ kẹta èyí?” Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bóyá ìgbà kan ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀ kò gbà á. “Màmá, tí iná bá ṣìnà nínú ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ kẹta yìí ló ń sìn ín lọ sínú ilẹ̀. Kò sí níbẹ̀, ilẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ yín wà nílẹ̀, ara yín niná náà bá kọjá. Ẹ dúpẹ́ o. Ẹ dúpẹ́ gan-an ni, jàre.”

Màmá gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó kàn ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Zikrullah tú ẹ̀yìn àpótí náà, ó fi irin kan tó ní ọwọ́ rọ́bà kan àwọn ibì kan, ó dúró díẹ̀ kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó pè wá. Mo rí ohun tí mi ò rò pé mo lè rí nínú ohun tí òjò kò kàn rí: wáyà tó ti ń hu àwọ̀ ewé, irin tó ti dípẹtà, àti pépà dúdú tó wà lójú ibi tí ohùn ń gbà jáde, tó ti ń bu bíi búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé.

“Omi ló wà nínú ẹ̀rọ yìí,” ó wí.

“Òjò ò pa á rí,” ni Màmá fèsì. “Kódà ọ̀rá la fi ń bò ó.”

“Mo gbọ́, Màmá. Omi ṣì ni.”

Ó fi bọ́rọ́ọ̀ṣì àti òògùn olómi kan tó máa ń tètè gbẹ fọ gbogbo ojú ibi tí wọ́n ń ti wáyà bọ̀, ó nu ìgò kọ̀ọ̀kan, ó yí àwọn bọ́tìnì síwá sẹ́yìn títí wọn ò fi dún mọ́. Ó fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Màmá bi í bóyá òun lè máa ṣí i nílé fúnra òun láti nù ún.

“Rárá o! Àwọn agolo wẹ́wẹ́ yìí ń tọ́jú iná pamọ́, kódà tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ lára iná. Ìta ni tiyín, Màmá. Inú ni tèmi.”

Ó dún geere ní ìsọ̀ rẹ̀. A gbé e padà sí yàrá àwọn alàgbà. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, pàrà-pàrà tún bẹ̀rẹ̀. Kò gé e jẹ mọ́, ṣùgbọ́n ohùn kò dúró. Màmá pe Zikrullah lórí fóònù. Ọkùnrin náà ní, “Ẹ má gbé e wá. Èmi ni mo máa wá wo ibi tó ń gbé.”

Ọ̀sán Àbámẹ́ta ló dé, nígbà tí ìdánrawò akọrin ń lọ lọ́wọ́, nítorí ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, oòrùn sì ti yọ, ooru ń ru sókè láti inú ilẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Ó bá Màmá àti Alàgbà Charles wọ yàrá òtútù, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ó ní kí wọ́n tan ámpù níbẹ̀. Màmá ta á. Ó mọ́ geere. Kò ta pàrà rárá.

“Kò ṣe nǹkan kan,” ni Alàgbà Charles sọ, ìtìjú díẹ̀ sì wà lójú rẹ̀ nítorí àlejò.

“Ẹ jẹ́ ká gbé e jáde sí gbọ̀ngàn,” Zikrullah wí.

Wọ́n pa á. Òun àti Màmá gbé e láti ọ̀tún àti òsì. Bí Màmá ṣe fẹsẹ̀ kan gbọ̀ngàn, ibi tí àwa akọrin ti ń fi ẹnu gbogbo kọrin láti àárọ̀, kùrukùru bo awò ojú rẹ̀, ó funfun bí èéfín. Kò rí ọ̀nà mọ́. Ó ní, “Ẹ dúró, ẹ dúró,” wọ́n gbé ámpù kalẹ̀ sórí àga, ó bọ́ awò, ó ń fi etí sútánà nù ún. Ohun tí awò náà máa ń ṣe tó bá ti inú òtútù jáde nìyẹn, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe fẹ́ fi awò padà sójú, ojú rẹ̀ bọ́ sí iwájú ámpù tó jẹ́ irin. Ó dúró. Ó na ìka kan, ó fà á lójú irin náà.

Ìlà kan yọ. Omi sì ṣàn láti ìsàlẹ̀ ìlà náà kán sílẹ̀, tó, tó.

“Miriam,” ó pè mí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. “Wá wò ó.”

Gbogbo wa wá. Akọrin dákẹ́. Kò sẹ́ni tó da omi, òrùlé kò jò, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tutù. Síbẹ̀ a ń wò ó, omi ń hù lára irin bí ẹni pé irin náà ń làágùn: ó kọ́kọ́ bò ó bí kùrukùru, kùrukùru di ẹ̀kán, ẹ̀kán wá ara wọn rí, wọ́n para pọ̀, wọ́n ń ṣàn. Zikrullah tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn àpótí. Ìrì ti sẹ̀ sára ìgò kọ̀ọ̀kan nínú lọ́hùn-ún, wọ́n ń dán bí ewé kókò ní ìdájí.

“Subhanallah,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó tún un sọ.

Alàgbà Charles bi í pé, “Ọmọ mi, níbo lomi yìí ti wá?”

“Bàbá, inú afẹ́fẹ́ ni. Nígbà òjò báyìí, afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú yìí kún fún omi tí ojú kò rí. Tó bá ti kan ohun tó tutù, ó di omi. Bí ọ̀rá omi tútù ṣe máa ń làágùn lọ́wọ́ yín. Omi inú rẹ̀ kọ́ ló ń jò síta o, ìta ló ti wá bà lé e.” Ó wo gbọ̀ngàn yíká, ó wo àwa akọrin. “Tí èrò bá sì wà nílé tí wọ́n ń kọrin, èémí wọn náà wà níbẹ̀.”

Alàgbà Charles, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, fi ìka kan omi tó wà lára irin náà. Ó gbé e sójú, ó ń wò ó.

“Ṣé èémí wa nìyí?”

“Ó wà níbẹ̀, Bàbá.”

“Orin wa?”

Zikrullah wo omi tó wà lórí ìka bàbá náà. Mo ti ń mu omi tútù láti kékeré, mo ti ń rí i tí ìta rẹ̀ ń tutù, mi ò béèrè rí. Mo wo àwọn tó yí mi ká, sòpúránò, bésì, gbogbo wa, mo ronú iye orin tí a ti kọ nínú ilé yìí, àti pé kò sí èyí tó parẹ́ bí mo ṣe rò. Ó wà lókè orí wa. Ó ń wá ibi tó tutù tó máa bà lé. Ìyá àgbà tó gbé omi àdúrà lọ́jọ́ sí ti kúnlẹ̀.

Màmá nìkan ló rántí iṣẹ́. Ẹnì kan ti na ọwọ́ sí súwíìṣì láti wò ó bóyá ó máa dún. “Má tàn án!” ó pariwo, mi ò gbọ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè tó bẹ́ẹ̀ rí. “Omi ń bẹ lára rẹ̀. Ẹ yọ wáyà, ẹ gbé fáànù wá.”

Alàgbà Charles kábàámọ̀. “Èmi ni mo gbé e sí òtútù. Èmi náà ni mo ra ọ̀rá.”

“Bàbá, ẹ fẹ́ kó pẹ́ ni,” Màmá dá a lóhùn. “Àwa méjèèjì la ò mọ̀.”

Zikrullah gbé e lọ sí Ìkòtún láti gbẹ inú rẹ̀ dáadáa. Kó tó lọ, ó jókòó ti Màmá, ó ṣàlàyé fún un: kó padà síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó má fara ti ògiri, kó má sì jókòó sórí sìmẹ́ńtì, aṣọ òwú ni kí wọ́n máa fi bò ó, nítorí ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, kì í jẹ́ kó jáde pẹ̀lú, kí wọ́n máa tàn án fún ìgbà díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ooru ara rẹ̀ lé omi lọ. Tó bá sì di dandan kó ti ibi tútù bọ̀, kí wọ́n dì í pa sínú ọ̀rá kí wọ́n tó gbé e jáde, kí wọ́n má tú u títí ara rẹ̀ yóò fi bá ti ilé dọ́gba. Nígbà náà ni ọ̀rá wúlò. Màmá ń mi orí, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ní alẹ́ yẹn ló ti gé aṣọ sútánà, tó rán ẹ̀wù funfun fún ámpù, pẹ̀lú ojú ihò lẹ́yìn fún atẹ́gùn. Ó tún lọ bẹ àwọn tó ń ta bàtà pé kí wọ́n máa bá òun tọ́jú àpò pélébé inú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu kí awọ má baà bu, ó sì ń kó wọn sí abẹ́ àpótí náà.

Ọjọ́ ìkórè, èrò kún débi pé àwọn kan dúró síta. Òjò tún ti rọ̀ láàárọ̀. Ooru, tùràrí, èémí, gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójú kan. Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ámpù, ó kan irin, ó kan igi, ara wọn kò tutù ju tiwa lọ. Ó dúró sórí ẹní rọ́bà tí Zikrullah ní kó máa tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀. Ó tàn án. A ń retí kíkùn tó ti máa ń ṣáájú ohùn rẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. A ò gbọ́ nǹkan kan. A tẹ́tí. Kò sí.

“Ṣé iná ò wọ̀ ọ́ ni?” ẹnì kan bi mí létí.

Mo wo ẹ̀yìn àpótí. Àwọn ìgò ti pọ́n.

Màmá ta okùn kan ṣoṣo.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe kan okùn kí okùn tó dún. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà jáde, tó mọ́, tó lọ láti ẹnu pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà, tó sì dúró lókè bí ẹni pé ó ní ìyẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó yí i ká ló jọ mí lójú jù. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ariwo ló máa ń ṣe aṣọ fún ohùn yẹn, a ò sì mọ̀ pé a ò rí i lójú. Ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn dákẹ́. Màmá kò yára ta èkejì. Ó jẹ́ kí ẹyọ kan yẹn lọ títí tó fi tán, omijé ń bọ́ lábẹ́ awò rẹ̀. Kó tó ta èyí tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilé ti dìde.

Zikrullah wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, kò wọlé, kò lọ. Nígbà tí a parí orin, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó wọ bàtà, ó sì wá ọ̀kadà lọ sí Ìkòtún, nítorí àwọn oníbàárà ń dúró dè é.

Ó ti tó ọdún méjì báyìí. Alàgbà Charles fúnra rẹ̀ ló ń ṣí fèrèsé yàrá akọrin láàárọ̀, òun ló sì ń tì wọ́n tí òjò bá ṣú. Láàárín ọ̀sẹ̀, Màmá máa ń ti ìsọ̀ rẹ̀ dé, á tan ámpù, á jókòó tì í láìta jìtá, kí ooru rẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Mo bá a jókòó nígbà kan, mo bi í pé kí ló ń rò.

“Mi ò ro nǹkan kan,” ó ní. “Mò ń wò ó ṣá ni.”

Ní oṣù Agẹmọ tó kọjá, òjò kan bá wa nínú ìsìn. Ó le débi pé bó ṣe ń lu páànù orí wa, a ò gbọ́ oníwàásù mọ́. Bàbá náà gbìyànjú, ó pariwo, ó wá rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ìta ti di odò, kò sẹ́ni tó lè jáde. Màmá Tìmílẹ́yìn fa àga rẹ̀ súnmọ́ ámpù, ó gbé bọ́tìnì kan sókè díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á jẹ́jẹ́. Ohùn náà gba abẹ́ ariwo òjò wọlé sí wa létí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò já, kò ta pàrà, ìlà lórí ìlà. Kò sẹ́ni tó kọrin. A jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun wa, à ń gbọ́ ọ, títí òjò fi dá.